Kóńgò Tí Mo Fá Lórí

Ọjọ́ Ajé, 13 oṣù kìíní, 2025. Ìkẹ́rẹ́.

Mo ra ìwé yìí lónìí nítorí pé mo rí ohun kan tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sì fẹ́ kí ó jẹrà sí mi nínú.

Àǹtí Àánú, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní àdúgbò wa, ni ó gbé iṣẹ́ fún mi. Ó fẹ́ ojú-ewé orí fóònù tí àwọn ènìyàn yóò ti máa ra gàrí ìyá rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n rìnrìn-àjò dé Ìṣẹ́. A jọ wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ láàárọ̀. Ọyẹ́ bo Olósùnta tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ Ìkẹ́rẹ́ yóò fi rò pé kò sí òkè níbẹ̀ rárá.

Ìyá náà jáde wá pàdé wa. Tíṣà Felicia ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ó fi kọ́ni kí ó tó fẹ̀yìntì, kí ó tó dá ilé ìyan-gàrí sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Mo dọ̀bálẹ̀. Bí mo ṣe gbé orí sókè, fọ́tò kan ń wò mí láti ara ògiri: òun náà ni, nínú aṣọ aláwọ̀ aró, pẹ̀lú jígí ojú, ìwé-ẹ̀rí ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ fọ́tò náà. Mo ti gé àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò rí. Mo ti fi kọ̀ǹpútà mú un mọ́lẹ̀ sí i, kí ẹ̀rín rẹ̀ lè hàn dáadáa.

Ní ọdún 2019, kò tíì ju oṣù mẹ́jọ lọ tí mo jáde ní Póólì, mo ń bá ilé-iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ ní Adó. Wọ́n ń ta ìyẹ̀fun tí wọ́n ní bí àgbẹ̀ bá fi pa èbù iṣu lára, iṣu náà yóò ta ní ìlọ́po méjì. Ọ̀gá ní kí n wá ojú àgbàlagbà kan tí àwọn àgbẹ̀ yóò gbà gbọ́. Mo rí fọ́tò yìí lórí Fesibúùkù, pẹ̀lú orúkọ àti ìlú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. N kò bi í. N kò mọ̀ ọ́n. Ìyẹ̀fun náà kò ju ẹfun lọ. Èbù àwọn ènìyàn jẹrà sínú ebè. Ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé lọ́dún kejì, èmi náà sì pa ẹnu mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ lónìí. Iyán rẹ̀ ni mo jẹ, mo jẹ ẹ́ yó, mo sì gba iṣẹ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, 16 oṣù kìíní

Àdéhùn Àǹtí Àánú: bí ó bá fi máa di òpin oṣù kẹta, kí ojú-ewé náà máa ta ọgọ́rùn-ún kóńgò lọ́sẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò ti ilé ìyan-gàrí pa, yóò fi ilẹ̀ náà fún oníbúlọ́ọ̀kù, yóò sì mú ìyá rẹ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́ "kó wá sinmi." Obìnrin mẹ́rin ni ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìyá náà kò sì bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 oṣù kìíní. Ìṣẹ́.

Mo wà nídìí agbada láti àárọ̀. Èéfín ti ta mí lójú dé ibi tí n kò mọ omijé mọ́ yàtọ̀ sí òógùn. Tíṣà bu gàrí díẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó rún un.

Ó ní, "O gbọ́ ọ? Bí kò bá dún, kò gbẹ. Èyí tí kò gbẹ á bu nínú àpò oníbàárà, orúkọ mi á sì bu pẹ̀lú rẹ̀."

Toyyibat, ẹni tí ó kéré jùlọ nínú àwọn obìnrin mẹ́rin náà, ni ó wọn kóńgò kan fún mi kí n lè ya fọ́tò rẹ̀. Gàrí náà kún, ó ga, orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, díẹ̀ ń ya sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rí wúruwùru lójú mi. Wọ́n kọ́ wa ní Póólì pé kí àwòrán mọ́, kí ìlà rẹ̀ tọ́. Mo mú rúlà, mo fá orí kóńgò náà títí ó fi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó wá dára bí àwòrán inú ìwé. Toyyibat wò mí, ó wo kóńgò, ó padà sídìí agbada.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù kìíní

A ṣí ojú-ewé náà lánàá. Àǹtí Àánú polówó rẹ̀ lórí Wasáàpù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti lórí rédíò. Ènìyàn irínwó ó lé méjìlá ni ó wọlé. Ẹni mẹ́ta ni ó rà. Ọ̀kan ni Àǹtí Àánú fúnra rẹ̀. Ìkejì ni àbúrò mi obìnrin. Ẹni kẹta wà ní Àgbàdó-Èkìtì, kò sì gbé fóònù mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù kìíní

Àǹtí Àánú wá bá mi ní ọ́fíìsì. Kò jókòó.

"Ìnjíníà, irínwó èèyàn wọlé, mẹ́ta rà. Àwọn tó kù ńkọ́? Ṣé wọ́n kàn yà kí wa ni?"

Mo ní n kò tíì mọ ohun tí ó lé wọn, pé kí ó fún mi láyè kí n wádìí.

"Ìwádìí kẹ̀? Kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ku kóńgò márùn-ún péré. Gbé aago síbẹ̀ kó máa ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn. Àyà á já wọn, wọ́n á rà."

"Àpò mọ́kàndínlógún ni ó wà nínú yàrá ìyá yín, Àǹtí."

"Ta ló máa lọ kà á?"

"Èmi ti kà á."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé mo ti di wòlíì ni. Mo ní n kò ní ṣe é. Ó ní àwọn tí yóò ṣe é pọ̀ ní Adó, wọn kò sì ní gba tó iye tí mo gbà. Mo ní kí ó lọ pè wọ́n. Ó ní, "O lórí kunkun o. Òpin oṣù kẹta kò ní yí padà," ó sì jáde.

Ọdún mẹ́fà ni "n kò ní ṣe é" fi pẹ́ kí ó tó ti ẹnu mi jáde.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kejì. Ìṣẹ́.

Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Mo gbé fóònù fún Toyyibat, mo ní kí ó ra kóńgò gàrí kan lójú mi, mo sì ṣe ìlérí pé n kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni mo ti kọ́kọ́ gbàgbé: kí oníṣẹ́ jókòó, kí ó panu mọ́, kí ó máa wo ẹni tí yóò lo ohun tí ó ṣe.

Ó ṣí i. Ó rí fọ́tò mi. Ó bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn yòókù fi kúrò nídìí iná wá wò ó.

"Búrọ̀dá Kọ̀ǹpútà! Ẹ wo bí wọ́n ṣe fá orí kóńgò bí ẹni fá orí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ! Ta ni ahun tó ń ta èyí?"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ló burú tó ni?"

"Bí mo bá dé ọjà tí mo rí ẹni tó fá kóńgò lórí, mi ò ní bi í ní iye. Ẹni tó lè fá a lójú mi, kí ló ń fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe lẹ́yìn mi?"

Irínwó ènìyàn ni ó wọlé tí wọ́n rí ahun lẹ́nu ọ̀nà. Mo mú Tíṣà, obìnrin tí ó lawọ́ jùlọ ní Ìṣẹ́, mo fi rúlà sọ ọ́ di ahun.

Kò tán síbẹ̀. Ó sún ìka sísàlẹ̀, ó ń wá ohun kan, kò rí i. Mo bi í ohun tí ó ń wá. "Ọjọ́ mélòó," ni ó wí. Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ náà lò lábẹ́ òkúta kí wọ́n tó yan án. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí gbogbo oníbàárà ń bi Tíṣà nìyẹn, nítorí òun ni ó ń sọ bí gàrí ṣe kan tó. Ó wà lójú-ewé mi lóòótọ́, ní ìlà kẹtàdínlógún, lẹ́yìn ìtàn ìgbésí ayé ilé-iṣẹ́.

Nígbà tí ó dé ibi àdírẹ́sì, ìka rẹ̀ dúró. Mo ti ní kí ènìyàn kọ nọ́ńbà ilé, orúkọ òpópónà àti kóòdù ìfìwéránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ó ṣe lè rí ọ̀nà kọjá bí kò bá kọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ulé wa ò ní nọ́ńbà. Ṣé ká kọ́kọ́ lọ kọ́ ulé mìíràn kí a tó jẹ gàrí ni?"

Ìpolówó ni ó ń pe ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà. Àǹtí Àánú ti pè wọ́n, wọ́n sì wá. Èmi ni mo gbé òkúta sí ìloro.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kejì

Mo tún un ṣe láti òkè délẹ̀.

Fọ́tò tuntun: kóńgò tí ó kún tí ó ń ya, ọwọ́ Tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ó ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Lábẹ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: "Ọjọ́ mẹ́ta: kò kan jù. Ọjọ́ márùn-ún: ó kan." Lẹ́yìn náà, ohùn ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, Toyyibat ń da gàrí sórí àtẹ onírin, ó ń dún ṣàràṣàrà. Ẹni tí kò lè tọ́ ọ wò lè gbọ́ ọ. Mo pa àpótí àdírẹ́sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́, mo fi ẹyọ kan rọ́pò wọn: "Níbo ni a ó ti rí yín? Ẹ júwe rẹ̀ bí ẹ ṣe ń júwe rẹ̀ fún ọlọ́kadà."

Tíṣà kà á, ó yọ jígí ojú rẹ̀. "Gídíọ́nì, ọmọ mi, èyí ti ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn."

Ó pè mí ní ọmọ. Mo lọ sẹ́yìnkùlé bí ẹni tí ó fẹ́ mumi.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kejì

Dátà ti gbówó lórí. Mo dín gbogbo àwòrán kù, kí ẹni tí ó ní tọ́rọ́kọ́bọ̀ péré lè ṣí i. Ọyẹ́ ti lọ, ooru dé.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kejì

Kóńgò mọ́kànlélọ́gọ́ta lọ́sẹ̀ yìí! Láti Ìkẹ́rẹ́, láti Emùré, láti Adó, àní ẹnì kan láti Kota lọ́hùn-ún. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí àpótí ọ̀nà: "Ẹ dé ibi igi máńgòrò tó ṣẹ́, ẹ béèrè ìyá Ìbejì." "Lẹ́yìn ilé ìwé, ẹni tó ní ajá pupa." Ọlọ́kadà kò ṣìnà lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n láti Ìṣẹ́ fúnra rẹ̀, òfo. Ìlú tí iná agbada ti ń jó, ẹyọ kan kò tibẹ̀ wá. Mo bi Toyyibat. Kò fẹ́ sọ. Nígbà tí ó máa sọ, ó ń wo ilẹ̀.

"Wọ́n ní fóònù ti fi ojú Tíṣà purọ́ fún wọn rí. Bàbá ọkọ mi, Bàbá Nùrẹ́nì, èbù ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ló jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó wá bá Tíṣà nílé, Tíṣà ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ fọ́tò rẹ̀ rèé. Bàbá ní ó gbowó lọ́wọ́ wọn ni, ó ta ojú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo Iléyá ni Bàbá ń gbé itan àgbò wá síbí, gbogbo Kérésì ni Tíṣà ń gbé abọ́ lọ sọ́hùn-ún. Láti ọjọ́ náà, kò sí mọ́. Bàbá ò tiẹ̀ fẹ́ kí n máa wá ṣiṣẹ́ níbí."

"O sì ń wá."

"Mo ní ṣé òun ló máa ra pámpásì ọmọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti tún ìloro ṣe. Kò jámọ́ nǹkan fún ẹni tí wọ́n ti fi ẹnu ọ̀nà kan náà tàn jẹ rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kejì

Àǹtí Àánú wá, inú rẹ̀ dùn sí mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Fọ́tò àjọ̀dún ìjọ kan ni ó kún inú rẹ̀.

"Wò ó, mú ojú mẹ́fà níbí, àwọn tó bá rí bí ọmọlúàbí. Kọ nǹkan dídùn sí wọn lábẹ́. 'Gàrí yìí kò lẹ́gbẹ́.' Ojúlówó gàrí ni, kì í ṣe irọ́."

"Wọ́n ti jẹ ẹ́ ni?"

"Wọ́n á jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ni mò ń bá ọ sọ, o ń bá mi sọ ti ìwàásù. Kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?"

Mo ní, "Mo ti ṣe é rí."

"Ṣé ó ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣiṣẹ́. Fọ́tò ìyá yín ni mo fi ṣe é."

Ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò ń dún. Ó ní, "Ìyẹ̀fun iṣu." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gba fóònù rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni gba ohun ẹlẹgẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ń fọ́ nǹkan. "Mọ́mì mi kò lọ sí ọjà fún oṣù mẹ́rin nítorí rẹ," ni ó wí. "Má ṣe jẹ́ kí n tún rí ọ nílé wa."

Mo máa lọ síbẹ̀ lọ́la. Kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kejì. Ìṣẹ́.

Aṣọ ìjọsìn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, n óò wá àwáwí kún un. N kò dárúkọ ọ̀gá. N kò dárúkọ ebi.

Ó fa àga kan, ó jókòó. Lẹ́yìn náà: "Sọ ọ́ fún mi."

"Mà?"

"Ọ̀rọ̀ tí o ní mo sọ. Wọn kò jẹ́ kí n kà á tán nígbà náà, ariwo ti pọ̀ jù. Sọ ọ́."

Mo mọ̀ ọ́n sórí. Mo wí pé: "'Láti ọjọ́ tí mo ti ń lo ìyẹ̀fun yìí, oko mi ti di àwòyanu ní gbogbo agbègbè.'"

"Oko wo?"

Mo fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Oko wo, Gídíọ́nì? Èmi ò ní oko rí láyé mi. Ọwọ́ Nùrẹ́nì ni mo ti ń ra uṣu tí mo ń jẹ. Bí o bá tilẹ̀ máa purọ́ mọ́ mi, ṣebí ò bá bi mí léèrè, n bá fún ọ ní èyí tó dára ju ìyẹn lọ!"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lójú ọ̀nà. Ó fi ìborùn nu ojú. Mo ní kí ó fìyà jẹ mí bí ó ṣe fẹ́. Ó ní òun ti na ọmọ tó, apá òun ti kán. Ó ní kí n dìde, kí n lọ bá Nùrẹ́nì.

"Ṣé ẹ dárí jì mí, Mà?"

"Mo ní kí o lọ bá Nùrẹ́nì. Mi ò tíì dé ibi tí ò ń bi mí yẹn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù kẹta. Ìṣẹ́.

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo bá Bàbá Nùrẹ́nì lórí ẹní rẹ̀ níwájú ilé, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?"

Mo sọ fún un.

"Ẹnu mi gbẹ, n kò fẹ́ fi ẹnu ààwẹ̀ ṣépè. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kórìíra obìnrin yẹn. Mo gbádùn ìkórìíra náà. Kí ló dé tó o fi wá gbà á lọ́wọ́ mi?"

"Nítorí kò jẹ̀bi, Bàbá."

"Mo ti gbọ́ ọ. Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ. Níbo lo kọ irọ́ náà sí?"

"Lórí fóònù, sà."

"Gbogbo ìlú ló kà á lórí fóònù. O wá yọ́ wá sọ òótọ́ létí èmi nìkan, lórí ẹní mi. Ibi tí o ti sọ ọ́ nù ni kí o ti lọ ṣà á. Máa lọ, oòrùn ń pa mí."

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Mo sọ fún Tíṣà ohun tí Bàbá wí. Ó mú gègé àti ìwé, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó ní kí n gbé e síbi tí àwọn mìíràn máa ń kó ìyìn sí.

Àǹtí Àánú sáré dé láti Ìkẹ́rẹ́. Ẹni tí ó lé mi ni ó wá bá mi nínú ilé tí ó lé mi kúrò.

"Mọ́mì! Ìpolówó wo ni ti kí a máa fi ìtìjú polówó? Àwọn tí kò gbọ́ ọ rí ní Adó, a tún máa sọ ọ́ fún wọn? Gàrí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tà!"

Tíṣà kò gbé orí sókè kúrò nídìí ajọ̀ tí ó fi ń kù gàrí.

"Àánú, ojú ta ni?"

"Ojú yín, Mà."

"Gàrí ta ni?"

"Mọ́mì..."

"Ulé ta ni a jókòó sí? Gídíọ́nì, gbé e síbẹ̀. Má dín lẹ́tà rẹ̀ kù o. Kí arúgbó lè kà á láìlo jígí."

Mo gbé e síbẹ̀ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Báyìí ni ó kà:

"Èmi ni Felicia, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì. Ní ọdún 2019, wọ́n fi fọ́tò mi polówó ìyẹ̀fun iṣu. N kò sọ ọ̀rọ̀ náà, n kò gba kọ́bọ̀, n kò sì ní oko. Ẹni tó ṣe é ni ó ṣe ojú-ewé tí ẹ ń kà yìí, orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Gàrí yìí ni mo mọ̀ nípa rẹ̀, èmi ni mo ń yan án. Bí kò bá dára, ẹ wá bá mi nílé."

Lábẹ́ rẹ̀, mo kọ tèmi: "Èmi Gideon, ní Ìkẹ́rẹ́, ni mo ṣe é. Irọ́ ni mo pa." Mo fi fọ́tò mi sí i. N kò mú un mọ́lẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ kiri lórí Wasáàpù. Ní ibi tí mo ti ń ra búrẹ́dì, ẹnì kan kí mi ní "Ọ̀gbẹ́ni Oníyẹ̀fun." Ọkùnrin oníplánkì kan ní Emùré, tí ó fẹ́ kí n ṣe ojú-ewé fún òun, kọ̀wé sí mi pé òun kò lè gbé iṣẹ́ òun fún òpùrọ́. Mo dá a lóhùn: "Ẹ kò ṣì wí. Mo purọ́, mo sì ti kọ ọ́ síbi tí gbogbo ayé lè kà á. Ẹni tí ẹ bá gbé e fún, ẹ bi í léèrè ibi tí ó kọ tirẹ̀ sí."

Kóńgò mọ́kàndínláàádọ́ta lọ́sẹ̀ yìí. Ó lọ sílẹ̀. Kí ó lọ sílẹ̀. N kò ní yọ ọ́ kúrò.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹta

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ láàárọ̀, ó sì rọ̀ dáadáa. Ní ọ̀sán, àṣẹ àkọ́kọ́ wọlé láti inú Ìṣẹ́: kóńgò kan, "Ọ̀kánkán ọjà, ẹni tó ń rán bàtà." Tíṣà kọ́ ọ níwèé rí. Títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti di mẹ́rin. Mo ka wọn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ka ehín ọmọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Ọ̀sẹ̀ tí àdéhùn parí sí: kóńgò mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Kò pé ọgọ́rùn-ún.

Àǹtí Àánú wá sí ọ́fíìsì mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ó lé mi. Ó jókòó lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti múra ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, mo fẹ́ bá a jà fún obìnrin mẹ́rin náà. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Mo wo àkọsílẹ̀ rẹ. Nínú mẹ́tàlélọ́gọ́rin, méjìlélógójì ló jẹ́ àwọn tó ti rà tẹ́lẹ̀ tó tún padà wá. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi pẹ̀lú gbogbo ariwo tí mò ń pa, n kò rí irú ẹ̀ rí. Oníbúlọ́ọ̀kù lè wá ilẹ̀ mìíràn."

Mo dúpẹ́.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú ṣì ń bí mi sí ọ."

"Mo mọ̀, Àǹtí."

"Kó yé ọ dáadáa. Ó ṣì máa bí mi di Kérésì." Ó dìde, ó wo kọ̀ǹpútà mi. "Fọ́tò tí o fi sí abẹ́ tirẹ̀ yẹn, o burẹ́wà níbẹ̀ gan-an. Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 oṣù kẹta. Ìṣẹ́.

Gbogbo ìlú ń retí oṣù, bóyá ọ̀la ni ìtúnu ààwẹ̀. Mo wà nílé ìyan-gàrí pẹ̀lú wọn nígbà tí fóònù Tíṣà dún. Kóńgò méjì, ọlọ́jọ́ márùn-ún. Toyyibat yọjú lé e lórí, ó sì yára bo ẹnu. "Òun ló ní kí n fi ibi tí òun máa tẹ̀ hàn òun," ni ó wí. "Kò jẹ́ kí n bá òun kọ ọ́. Láti ìrun Àsárì àná ló ti ń tẹ̀ ẹ́."

Ní ibi orúkọ: Nùrẹ́nì.

Ní ibi tí a ti bi wọ́n pé níbo ni a ó ti rí yín, kí ẹ júwe rẹ̀ bí ẹ ṣe ń júwe rẹ̀ fún ọlọ́kadà, ó kọ ọ́ láìsí àmì kankan: "tisa mo ule mi."

Tíṣà kà á. Ó tún un kà. Ó dìde, ó mú kóńgò, ó wọn méjì, ó bu ẹ̀kúnwọ́ lé e títí ó fi ń ya sílẹ̀. Mo ní kí n pe ọlọ́kadà. Ó da gàrí náà sínú àpò, ó dì í. Mo ní ó kéré tán kí n bá a gbé e. Ó gba àpò náà kúrò lọ́wọ́ mi, ó gbé e ka orí, ó sì gba ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ, pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò wẹ̀yìn.